Kí Ẹ Tó Ra Páàtì: Ohun Tó Ń Pa Máṣíìnì Wa ní Abuja

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onílọ́ńdìrì ẹlẹgbẹ́ mi sọ ní Kubwa nìyí. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀ nìkan ni mo fò.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú máṣíìnì ìfọṣọ, mo ní ṣé kò sẹ́lòmíì ni, torí èmi ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, accounting ni mo kà ní poly, alága wa wá ní Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ náwó sórí máṣíìnì jù nínú gbogbo wa, ẹ̀yin lẹ máa mọ bó ṣe ń dunni. Kò parọ́. Ká ní mo kó owó tí mo fi ra páàtì, ìyẹn ẹ̀yà ara máṣíìnì tí à ń pààrọ̀, lọ́dún mẹ́fà àkọ́kọ́ jọ ni, mi ò bá ti ra ilẹ̀ sí Ogbómọ̀ṣọ́, kì í sì í ṣe plot kan.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Páàtì tó bàjẹ́, kì í sábà jẹ́ òun ló jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n nà ni. Ẹni tó nà án wà níta, inú waya ló gbà wọlé, tàbí inú hóòsì, tàbí inú ike ọṣẹ, ó sì lè jẹ́ àwa fúnra wa la gbé e wọlé nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Tẹ́ ẹ bá yọ ẹni tí wọ́n nà, tẹ́ ẹ wá fi tuntun síbẹ̀, tí ẹni tó ń na èèyàn ò tíì kúrò ńbẹ̀, ẹ ti mọ bó ṣe máa rí.

Ẹ jẹ́ ká mú iná ṣáájú. Máṣíìnì mi kejì, bọ́ọ̀dù rẹ̀, ibi tó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, jó. Ọmọ Nupe kan láti Bida ló ń bá mi tún un ṣe nígbà yẹn, ọmọ dáadáa ni, ó tú u, ó gbọ́ òórùn, ó ní Hajiya, board ya mutu, bọ́ọ̀dù ti kú. (Abuja yìí náà ni, obìnrin tó bá ti da ìborùn bo orí, Hajiya ni, èmi tí wọ́n rì bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Baptist.) A ra bọ́ọ̀dù, ó jó lọ́sẹ̀ kejì. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa, mo lọ bá ẹni tó tà á jà débi pé àwọn aládùúgbò wá là wá. A ra òmíì níbòmíì. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá. Mo jókòó sórí àpótí omi mo ń sunkún, aṣọ Jímọ̀ àwọn èèyàn wà nílẹ̀ o, Ọjọ́bọ̀ ni, ẹ̀yin náà mọ ohun tí Ọjọ́bọ̀ túmọ̀ sí nílùú tí gbogbo oníṣẹ́ ìjọba ti ń wọ káfítàánì lọ síbi iṣẹ́ ní Friday.

Bàbá oníwáyà kan tó ti fẹ̀yìntì ló gbà mí. Kò tiẹ̀ wo máṣíìnì. Ó bi mí pé ṣé fáànù yín máa ń ṣeré nígbà míì bí ẹni tó fẹ́ fò lọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, tí iná bá dáa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ki tẹ́sítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, 231V. Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún wẹ́dà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ojú ẹ̀ báyìí ni nọ́ńbà yẹn ń gùn, 250, 268, ó dé 276. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní kí n pa gbogbo nǹkan, ó lọ síbi tí waya ti wọ ilé, ó sì fi hàn mí: níútírà, wọn ò dè é le, ó ti jó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa torí ọ̀pọ̀ wa ni èyí ń ṣe láìmọ̀. Waya mẹ́ta tó ń gbé iná ló ń bọ̀ láti tránsfọ́mà, pẹ̀lú níútírà kan. Láàárín waya iná kan àti níútírà, 230V ni. Láàárín waya iná kan sí èkejì, 400V ni. Níútírà yẹn ló ń jẹ́ kí oníkálukú jẹ ìwọ̀n tirẹ̀. Tó bá já tàbí tó bá ń gbọ̀n, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á wá máa pín 400V yẹn láàárín ara wọn bí ẹrù wọn bá ṣe wúwo sí, ẹni tó ń lo iná púpọ̀ á rí kékeré, ẹni tó ń lo kékeré á gba àgbàjù. Tí gílóòbù yín bá ń tàn yanran tí ti aládùúgbò ń ṣe bí àbẹ́là, ẹ pa mítà, ẹ má dúró wò ó. Ohun tó tún tèmi ṣe, ìde waya kan ni, pẹ̀lú owó iṣẹ́ bàbá. Bọ́ọ̀dù kẹta tí mo rà ló ṣì wà nínú máṣíìnì yẹn dòní.

Látìgbà náà, tẹ́sítà wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà mi, ọmọ iṣẹ́ mi ń wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo tún fi ẹ̀rọ kékeré tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ sí i, tó bá ti kéré jù tàbí tó pọ̀ jù ó gé e, tí iná bá sì padà dé ó máa dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jẹ́ kó wọlé, torí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá gan-an ló burú jù, gbogbo àdúgbò ló ń tan fíríìjì àti AC lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń lo three-phase, ìyẹn waya iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bèèrè èyí tó ń mọ̀ tí ẹsẹ̀ iná kan bá ti lọ, torí mọ́tò inú máṣíìnì tó bá ń fi ẹsẹ̀ méjì ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta, á gbóná títí á fi jó.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Tó bá ti London wá, kò burú, iná wọn àti tiwa ò jìnnà síra, púlọ́ọ̀gì gan-an bára mu. Ti Amẹ́ríkà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. 120V ni, 60Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa 50Hz ni. Àwọn tó ń tà á á ní ẹ ra step-down, tránsfọ́mà kékeré tó ń dín iná kù, ó tán. Kò tán o. Tránsfọ́mà ń dín volt kù, kò lè sọ 50 di 60. Mọ́tò tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́ yẹn á máa yí díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe yẹ, á tún máa gbóná sí i. Mo ní ọ̀kan tó ní táímà oníyíyí, mo yí i sí 30, mo wo aago ọwọ́ mi, ìṣẹ́jú 36 ló lò. Mo rò pé táímà ló bàjẹ́, mo ra òmíì (ẹ má rẹ́rìn-ín), 36 náà ni. 30 ẹ fi 60 ṣe ìlọ́po ẹ wá fi 50 pín in. Accounting tí mo kà, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wúlò fún mi.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń ṣe irú ẹ̀, èyí tó ń lo pẹtiróòlù, 3000 ló yẹ kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan kó tó fún wa ní 50Hz, tí a bá di ẹrù lé e tó wálẹ̀ sí 2700, 45Hz là ń fún mọ́tò jẹ. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Ó yá, omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé máṣíìnì ń kọ IE, tàbí 4E, tàbí 4C, pé omi ò wọlé, tí oníṣẹ́ ní valve, ẹnu tó ń ṣí fún omi, ti kú, ẹ gbé ojú sókè ná ẹ wo táńkì. Bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì, mítà mẹ́wàá sókè ló ń fún wa ní 1 bar. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì sì ń béèrè 0.3 tàbí 0.5 bar ó kéré tán, ó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ jù sí ìdí àpótí. Tó bá jẹ́ pé láti ojú omi inú táńkì dé ibi tí hóòsì wọ máṣíìnì jẹ́ mítà mẹ́ta, 0.3 lẹ ní yẹn, kí omi tún wá lọ sílẹ̀ díẹ̀ nínú táńkì nígbà tó bá di ọ̀sán, ó parí. Valve ò ṣẹ̀ yín. Ẹ gbé táńkì sókè tàbí kẹ́ ẹ ra pọ́ǹpù kékeré.

Tí omi bá ga tó tí kò ṣì wọlé, ẹ pa ẹnu ẹ̀rọ omi, ẹ tú hóòsì lẹ́yìn máṣíìnì. Asẹ́ kékeré kan wà ńbẹ̀, kò tó èékánná àtàǹpàkò, ẹ fi pílásì fà á jáde jẹ́jẹ́. Èmi ti rí yanrìn ńbẹ̀ bíi pé mo ń sẹ́ gaàrí. Ní ìgbà tí bóhòòlù wa gbẹ tí a ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa, jálá tí wọ́n fi ń gbé e, ta ló ń fọ inú ẹ̀? Èmi tí mo ní kọ́sítọ́mà aláṣọ funfun! Àwọn bóhòòlù míì sì wà tí irin pọ̀ nínú omi wọn, ó mọ́ kedere tó bá ń jáde, kó tó wákàtí mélòó kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ó ti pọ́n, tẹ́ ẹ bá fi fọ ṣáàdà funfun àwọn èèyàn á di àwọ̀ eyín amutábà. Ẹ fi àsẹ́ tó tóbi sí ẹnu páìpù àkọ́kọ́, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ máṣíìnì.

Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù tí a fi ń se omi yẹn, funfun líle, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ hítà. Ó ń bò ó bí aṣọ òtútù, hítà á wá máa gbóná fúnra rẹ̀ kí omi tó gbóná. Ní April 2024 tí wọ́n gbé iná Band A dé 225 náírà fún unit kan (ó ti lọ sókè sódò lẹ́yìn ìyẹn), ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka hítà. Hítà 2000W tó bá ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, unit kan ti lọ. Lóṣù méjì méjì mo máa ń da citric acid bíi 100 gram sínú dúrọ́ọ̀mù máṣíìnì tó ṣófo, mo máa ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọn láéláé, èéfín tó máa jáde ńbẹ̀ lè pa èèyàn sínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọṣẹ. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wa gbà pé aṣọ tí kò hó kò mọ́. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọwọ́ fọṣọ, wọ́n ṣe é kó lè hó ni, nínú máṣíìnì tó ń lo omi kékeré, ìhó yẹn á kún gbogbo ibi, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ dípò omi, omi ìṣanṣọ ò ní lè kó ọṣẹ jáde tán. Èyí tó ṣẹ́kù ń lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni ò lè rí i. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kan wà lẹ́yìn ńbẹ̀ tó di dúrọ́ọ̀mù mú, spider ni wọ́n ń pè é, alumíníọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́, ọṣẹ á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ikán. Mo ti fọwọ́ kan ọ̀kan rí tó ń wó lulẹ̀ bí bísíkíìtì. Lọ́jọ́ tó kán, dúrọ́ọ̀mù ya ike ẹ̀yìn rẹ̀ lójú kan náà, ọmọ iṣẹ́ mi sá jáde láìwọ bàtà. Òòjọ́ tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn máṣíìnì sílẹ̀ díẹ̀ kí inú ẹ̀ gbẹ.

Bíárìn, òrùka irin tó ń jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù yí, ni mo fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ lé lórí jù, ẹ fara dà á fún mi. Bíárìn kì í kú lójijì. Ó máa ń ké fún oṣù mélòó kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ máa gbọ́ wùùùù nígbà tó bá ń fún aṣọ, bí ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ gbéra, ẹ ó rò pé bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀ ni torí etí ti mọ́ ọn lára. Ẹ pa iná, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ fi ọwọ́ kan gbé ètè dúrọ́ọ̀mù sókè. Tó bá mì gbọ̀ngbọ̀n tí rọ́bà ẹnu ọ̀nà ò sì bá a lọ, bíárìn ni. Ẹ tún fọwọ́ yí i, ẹ gbé etí lé e. Èyí tó dáa ń yọ̀ lọ láìdún. Èyí tó ti kú, bí ẹni tó ń fi ọlọ lọ ẹ̀gúsí ni.

Kí ló pa á? Kì í ṣe òun. Síìlì, rọ́bà tó ń dí omi níwájú rẹ̀, ló kọ́kọ́ jẹ, omi ọṣẹ wọlé, ó fọ gírísì dànù, irin wá ń jẹ irin. Ẹni tó bá pààrọ̀ bíárìn tó fi síìlì àtijọ́ sílẹ̀, oṣù díẹ̀ ló rà. Bíárìn méjì ló wà ńbẹ̀, ńlá àti kékeré, ẹ pààrọ̀ méjèèjì àti síìlì lọ́jọ́ kan náà.

Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá mọ ìyẹn, wọn ò ní rí yín rẹ́ jẹ mọ́. Ó lè jẹ́ 6205, tàbí 6206. Ẹ mú méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ fi 5 ṣe ìlọ́po: 05, milimítà 25 ni ihò àárín rẹ̀. 06, 30 ni. ZZ túmọ̀ sí pé irin ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 2RS rọ́bà ni, rọ́bà ni mo máa ń rà torí omi. Mo ti wọkọ̀ lọ sí ọjà Panteka ní Kaduna nítorí bíárìn kan, ọmọkùnrin tó ń tà á ní kí n lọ mú oníṣẹ́ mi wá, mo ní mú rúlà wá. Ó wojú mi, ó mú rúlà wá, àtìgbà yẹn ni kò ti sọ iye ìlọ́po méjì fún mi mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i, ẹ fi bíárìn sínú fírísà mọ́jú. Ó máa sún kì díẹ̀, á sì wọlé wẹ́rẹ́. Tèmi máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja títùs nínú ọ̀rá, ọkọ mi ò bèèrè mọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kàn án wọlé, òrùka tó wà níta lẹ ń lù, ẹ ò gbọ́dọ̀ lu ti inú, torí tẹ́ ẹ bá lu ti inú, ẹ ti pa á kó tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Ohun kan tó ń bí mi nínú, ọ̀pọ̀ máṣíìnì tuntun ni wọ́n ti jó ike tó gbé dúrọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ra, kò ṣeé tú, àfi kẹ́ ẹ fi ayùn rẹ́ ẹ. Kẹ́ ẹ tó ra máṣíìnì, ẹ béèrè bóyá bóòtù ló so ó pọ̀. Àwọn tó ń tà á ò ní mọ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́.

A tún máa ń di ẹrù tí kò bára mu. Ẹni tó ju kápẹ́ẹ̀tì ìrun kan ṣoṣo sínú máṣíìnì, gbogbo omi ibẹ̀ á rọ̀ sápá kan. Kílò kan péré tó bá wà létí dúrọ́ọ̀mù tó ń yí 1200 ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe ń fa bíárìn lọ ju ìwúwo 350 kílò lọ, mo bá ọmọ mi tó ń ka physics ṣírò ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé agbádá ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ kan àti síńgílẹ́ẹ̀tì méjì kì í ṣe ẹrù kan.

Asẹ́ pọ́ǹpù tó wà nísàlẹ̀ níwájú, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣí i, ẹ fi abọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní ìgò kan tí mo ń kó ohun tí mo bá rí sí: ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà, píìnì híjáàbù, igi ìtayín, bọ́tìnì káfítàánì tó tó ogún, eyín àgbà kan (a dá a padà), àti wáyà kọ́mú. Wáyà kọ́mú yẹn, ẹ̀yin arákùnrin, ẹ má tijú, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó máa ń gba ihò dúrọ́ọ̀mù jáde lọ ha ike lẹ́yìn, ó sì lè lu ike náà já. Tiwa máa ń wọ inú àpò aláàwọ̀n kó tó wọ máṣíìnì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dráyà, nígbà ọyẹ́, eruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ yìí máa ń dà pọ̀ mọ́ òwú wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ lára aṣọ, ó ń di bí kànrìnkàn sínú páìpù tí ooru ń gbà jáde. Tí aṣọ tó ń gbẹ ní ogójì ìṣẹ́jú bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo wákàtí kan ààbọ̀, kì í ṣe hítà ló rẹ̀, páìpù ló dí. Òwú yẹn sì máa ń gbaná bí ẹ̀tù. Gbogbo ẹrù tó bá jáde, ẹ nu asẹ́ rẹ̀, páìpù lóṣooṣù. Mi ò ṣàwàdà níbí.

Wọ́n ní àsìkò ti ń lọ. Arákùnrin kan tó wá láti Lugbe nawọ́, ó ní máṣíìnì tuntun ni òun rà, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, àmọ́ ó ń fò, ó máa ń rìn láti ara ògiri dé ẹnu ọ̀nà, oníṣẹ́ ti pààrọ̀ ṣọ́kì rẹ̀ méjèèjì tó ń gba ìgbọ̀n dúró, ó tún ní òun fẹ́ pààrọ̀ sìpíríǹgì. Ó ti ká ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wa, gbàgà gbàgà gbàgà, gbogbo ilé pariwo. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, àwọn bóòtù gígùn mẹ́rin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi di inú ẹ̀ mú kó má baà gbọ̀n lórí ọkọ̀. Ta ló tú u?

Ó dákẹ́. Ó ní bóòtù wo?

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, bóòtù mẹ́rin lórí tábìlì, ife omi kan tó kún dé ẹnu sì wà lórí máṣíìnì tó ń fún aṣọ lọ́wọ́. Omi náà ò dà.